Ewé Kan Kì í Ní Ọjọ́ Orí Méjì

"Ó yẹ," ni Imú Irin, ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn ewé, wí. Ohùn rẹ̀ dà bí ti obìnrin tí kò sùn rí, tí oorun kò sì kùn ún. "Ìdì mọ́kàndínlógún. Ìpele Keje. Ọjọ́ orí ewé, ọjọ́ méjìlélọ́gọ́rin. Ẹ gbé e lọ sí ìdí ìkòkò."

Àmì aláwọ̀ ewé yọ láti inú ihò kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìbíjọkẹ́ fà á ya, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdì tó wà lókè, ó sì na ọwọ́ sí òǹtẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ọdún mẹ́rin nìyẹn. Bí Irin bá ti fọhùn tán, Afimú-jẹ́rìí á já ewé kan, á gbóòórùn rẹ̀, á sì lu òǹtẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan wà ní àwọn òkè yòókù tí kì í tilẹ̀ já ewé mọ́, òǹtẹ̀ nìkan ni wọ́n ń lù. Ìbíjọkẹ́ ṣì ń já a.

Ó já ọ̀kan. Ó fi àtàǹpàkò rún un, ó gbé e súnmọ́ imú.

Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ ló kọ́kọ́ dé, ó mú, ó tutù, bí ó ti yẹ kí koríko ọba tó ti lé ní ọgọ́rin ọjọ́ máa rùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ewé náà nù. Ṣùgbọ́n ohun kan dúró lẹ́yìn òórùn yẹn bí ẹni tó fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó fi èékánná la ewé náà láàárín, ó tún gbóòórùn inú rẹ̀. Koríko gbígbẹ ni. Òrùlé àtijọ́. Ìkorò díẹ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, lẹ́yìn èyí kò sí nǹkan kan mọ́.

Ó gbójú sókè. Ẹni tó di ọwọ́ ọmọlanke mú ni Olúgbùyì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá kan náà. Ilẹ̀ ni Olúgbùyì ń wò.

"Ìbíjọkẹ́, kí ló dé?" Ọ̀gá Arógundádé, olórí Ilé Epo, ló béèrè láti orí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kò fẹ́ràn ariwo, kò sì fẹ́ràn ìdádúró. "Ọmọlanke mẹ́tàdínlógún ló ṣì wà lórí ìlà. Oòrùn ń mú."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ wo àwọn ìdì ìsàlẹ̀."

"Irin ti sọ̀rọ̀ o."

"Mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n òfin fún mi ní ìdajì wákàtí."

Òfin fún un lóòótọ́. Ọ̀gá juwọ́ sílẹ̀. Ìbíjọkẹ́ mi orí sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí ó ti ọmọlanke náà tẹ̀lé òun, wọ́n sì lọ sí abẹ́ àká tí wọ́n ń kó ewé pamọ́ sí lẹ́yìn ilé, níbi tí ògiri ti bò wọ́n lójú àwọn tó wà lórí ìlà.

Láti abẹ́ àká yẹn, ènìyàn lè rí gbogbo ìsàlẹ̀ òkè: omi tó tẹ́ lọ súà, òrùlé àwọn ilé alájà tó yọrí nínú omi, òpó ìbánisọ̀rọ̀ àtijọ́ tó ti tẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn baba wọn ń gbé kí omi àti yànmùyánmú tó lé wọn gun Òkè Ìsàdò. Láàárín ìlú àti ìsàlẹ̀ yẹn, kò sí odi. Àwọn ọ̀pá ìkùukùu nìkan ló wà, tí wọ́n tò yí òkè ká, tí wọ́n ń tú epo koríko ọba sáfẹ́fẹ́ ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Bí epo bá mú, yànmùyánmú kì í kọjá. Bí kò bá mú, gbogbo ilé ló mọ ibà tó ń tẹ̀lé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ewé yìí ti gbó," ni Ìbíjọkẹ́ wí.

"Irin ní..."

"Ẹ má dárúkọ Irin fún mi. Ewé kan kì í ní ọjọ́ orí méjì. Ara rẹ̀ ń rùn bí ewé ọgọ́rin ọjọ́, inú rẹ̀ ń rùn bí òrùlé ilé tí a ti kọ̀ sílẹ̀. Kí lẹ fi pa á lára?"

Olúgbùyì jókòó sórí ìdì koríko kan. Ó ti rù. Àwọn egungun ejìká rẹ̀ yọ nínú ẹ̀wù.

"Mo gún ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé, mo sẹ́ omi rẹ̀, mo wọ́n ọn sí i lórí láàárọ̀ yìí. Òkè ewé nìkan ni Irin ń gbóòórùn. Kì í la inú rẹ̀."

"Ọjọ́ mélòó ni?"

Olúgbùyì fa ewé kan yọ nínú ìdì tó jókòó lé, ó ń ká a mọ́ ìka.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ mélòó ni koríko yìí?"

"Ọgọ́fà."

Ìbíjọkẹ́ fi ọwọ́ ti òpó àká. Orin tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ sọ sí i lọ́kàn láìpè: *ó kéré, ó ń ta sánsán bí òdòdó, ó pé, ó mú bí ọsàn wẹ́wẹ́, ó gbó, ó di òrùlé.* Láti ọjọ́ márùndínlọ́gọ́rin títí dé àádọ́rùn-ún ni koríko ọba fi ń lágbára. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí yànmùyánmú ń sá fún máa ń fi ewé sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́, bí omi ṣe ń gbẹ nínú ìkòkò tí a kò dé. Ní ọgọ́fà ọjọ́, ohun tó kù kò ju kí a fi ṣe ẹní lọ.

"Ọjọ́ tí koríko mi pé gan-an ni ibà adákẹ́ gbé Ọlátóún ṣánlẹ̀," ni Olúgbùyì wí. "Ìwọ náà wá. O rí i. Ogójì ọjọ́ ni mo fi ń fi kànìnkànìn pa á lára, tí mo ń fún un lómi bí ọmọ ọwọ́. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ kí n lọ máa gé koríko ni?"

Ìbíjọkẹ́ rí i. Òun ló ń se ẹ̀kọ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà náà. Ọlátóún kò kú, ṣùgbọ́n ibà náà mú ohùn rẹ̀ lọ, bí ó ti ń mú ti gbogbo ẹni tó bá dá sí. Obìnrin tó máa ń pa gbogbo agbo lẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, àtẹ́wọ́ ló fi ń sọ̀rọ̀ báyìí: ẹ̀ẹ̀kan fún omi, ẹ̀ẹ̀mejì fún "ẹ wá jẹun". Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pàtẹ́wọ́ fún Ìbíjọkẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n wo ara wọn lójú, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí ẹ̀ẹ̀mẹta jẹ́. Ni àwọn méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Ẹ̀ bá ti wá sọ nígbà yẹn."

"Kí n wá sọ fún ta ni? Ẹni tí koríko bá gbó mọ́ lọ́wọ́, wọ́n á gba ìpele ilẹ̀ oko rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá gba ìpele rẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ń lọ." Ó nawọ́ sí omi tó ń dán yọ́ọ́ lábẹ́ oòrùn. "Kí Ọlátóún lọ sí ìsàlẹ̀? Ẹni tí adákẹ́ bá mú lẹ́ẹ̀kejì, ìwọ, o ti rí èyí tó là á já rí?"

Kò rí i rí.

"Àṣàkẹ́," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Òǹtẹ̀ kan péré ni. Irin ti gbà á. Kò sí ẹni tí yóò bi ọ́."

"Ẹ má fi oríkì bẹ̀ mí." Omi ti ń yọ lójú rẹ̀. "Ṣé ẹ mọ ibi tí ìkòkò òní ń lọ? Ó wà lára pátákó. Ilé ìgbẹ̀bí, àti ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Òjò tí yànmùyánmú ń bá dé ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọdún karùn-ún rèé tí wọ́n da àgbá epo kan tó gbó sínú ọ̀pá ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ mọ́kànlá. Ẹ rántí?"

"Mo rántí."

"Ìdí tí wọ́n fi ní kí imú ènìyàn máa tẹ̀lé ti irin nìyẹn. Ìdí tí èmi fi gba iṣẹ́ yìí nìyẹn."

Olúgbùyì bo ojú. Ìbíjọkẹ́ dúró tì í, kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Bí ó bá lu òǹtẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ. Bí kò bá lù ú, Ọlátóún. Nǹkan kẹta sì wà níbẹ̀ tí kò tíì fẹ́ rò: ohun tí òfin wí nípa ẹni tó bá já Irin nírọ́. Kò sí Afimú-jẹ́rìí kan tó ṣe é láti ọdún mẹ́rin. Kì í ṣe pé kò sí ewé tó gbó.

Ìdajì wákàtí ń lọ tán. Ó fi etí ìró nu ojú, ó sì jáde.

---

"Mi ò ní lù ú, sà."

Àwọn tó wà lórí ìlà gbọ́.

Ọ̀gá Arógundádé rọra dìde. "Irin ní ó yẹ."

"Imú tèmi kọ̀ ọ́."

"Ta ló ni ewé náà?" Ó mọ̀, ṣùgbọ́n ó ní láti béèrè.

"Olúgbùyì, Ìpele Keje. Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ọkùnrin náà wò ó pẹ́. Àánú wà lójú rẹ̀, ẹ̀rù sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. "Ọmọ mi, ronú sí i. O mọ òfin. Ẹni bá já Irin nírọ́, apá rẹ̀ ni yóò fi jẹ́rìí."

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

Wọ́n gbé àpótí gíláàsì náà jáde láti inú yàrá ẹ̀yìn, wọ́n sì ṣí aṣọ dúdú kúrò lórí rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ ti kàn án, ohun tó wà nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ogójì yànmùyánmú, tí wọ́n mú láti ìsàlẹ̀ lóṣù yìí. Èyí tó ní ibà nínú wọn àti èyí tí kò ní, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n á se epo díẹ̀ nínú ewé tí wọ́n ń jiyàn lé lórí, wọ́n á fi kun apá ẹlẹ́rìí, ẹlẹ́rìí á sì ki apá bọ ihò àpótí títí wọn ó fi kà dé igba. Bí yànmùyánmú kò bá bà lé e, òpùrọ́ ni, wọ́n á gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà á lọ sí ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá bà lé e, òtítọ́ ló sọ. Kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀.

Ìkòkò kékeré náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Wọ́n ti kó ẹ̀kúnwọ́ ewé Ìpele Keje sínú rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi omi ṣàn án. Ooru rẹ̀ gba inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá, ó ń tutù, ó ń kán sínú ìgò. Ìbíjọkẹ́ ń wo bí ó ti ń kán. Epo tó pé, pupa rẹ̀ a máa dà bí oyin. Èyí funfun bí omi ìfọwọ́. Ó gbìyànjú láti ronú nípa ohun mìíràn, ṣùgbọ́n ìkùn inú àpótí náà ti wọ inú eyín rẹ̀.

Ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló fi òwú kùn ún, láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá.

"O ṣì lè sọ pé o ṣèṣì," ni Ọ̀gá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mi ò ṣèṣì, sà."

Ìbíjọkẹ́ fi ìka kan ilẹ̀kùn rọ́bà àpótí náà. Àwọn yànmùyánmú náà ti gbóòórùn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ti kóra jọ sápá ibẹ̀ bí èéfín.

"Ẹ dúró!"

Olúgbùyì ti fi ọmọlanke sílẹ̀. Ó sáré wá, ó di apá àbúrò rẹ̀ mú, ó fà á sẹ́yìn débi pé àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

"Ewé náà ti gbó. Ọgọ́fà ọjọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó ki apá bọ̀ ọ́."

"Irin kì í ṣìnà," ni Ọ̀gá wí, bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri.

"Kò ṣìnà, sà. Ohun tí a fi wọ́n ewé ló gbọ́. Ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ni a máa ń gún, a ó sẹ́ omi rẹ̀, a ó wọ́n ọn sórí èyí tó ti gbó, kí Irin lè..."

Ọ̀gá Arógundádé ti ń wò ó.

"A," ni Ọ̀gá wí. "A máa ń gún. Ìwọ àti ta ni?"

Ìbíjọkẹ́ ló kọ́kọ́ yíjú sí ìlà. Nínú ọmọlanke mẹ́tàdínlógún tó wà níbẹ̀, ọ̀kan ti ń yí padà jẹ́jẹ́, tayà rẹ̀ ń dún kùẹ̀-kùẹ̀ lórí òkúta. Lẹ́yìn náà òmíràn. Obìnrin kan tó wà láàárín ìlà sọ ọwọ́ ọmọlanke rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú kan náà, ó sì ká ọwọ́ lérí.

Imú Irin, tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ní, "Ẹ gbé èyí tó kàn wá."

---

Àgbá méjìlélógójì ló wà nínú Ilé Epo, gbogbo wọn ló ní àmì aláwọ̀ ewé, gbogbo wọn ló ní òǹtẹ̀ Ìbíjọkẹ́. Ewé kan péré ló máa ń já nínú ìdì mọ́kàndínlógún. Ewé kan, lókè pátápátá, èyí tí ẹni tó bá fẹ́ tan ènìyàn jẹ yóò kọ́kọ́ tọ́jú.

"Ṣí wọn," ni Ọ̀gá wí.

Wọ́n ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbíjọkẹ́ tẹ ìka bọ epo, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi ẹfun fa ìlà sí àgbá náà nídìí: ìlà kan fún èyí tó pé, méjì fún èyí tó gbó. Ní àgbá kẹwàá, orí ti ń fọ́ ọ. Ní ogún, ó jáde lọ bì. Ó padà wọlé. Nígbà tí wọ́n fi parí, oòrùn ti yẹ̀ lórí, ìlà méjìméjì sì wà lára àgbá méjìdínlọ́gbọ̀n.

Ọ̀gá Arógundádé jókòó sórí ìdérí àgbá kan.

"Bí mo bá tẹ̀lé òfin," ni ó wí níkẹyìn, "màá lé ìdajì ìlú yìí lọ sí ìsàlẹ̀. Ta ni yóò wá gé koríko fún ìdajì tó kù?" Ó bọ́ fìlà, ó fi nu ojú. "Ọ̀rọ̀ òfin di ẹ̀yìn òjò. Ẹ lọ pe gbogbo onípele. Kí oníkálukú sọ ọjọ́ orí koríko tó ṣì wà nílẹ̀ rẹ̀, kí ó sọ òtítọ́. Ohunkóhun tó bá pé, tí kò tíì gbó, lónìí ni a ó gé e, lónìí náà ni a ó bẹ̀rẹ̀ sí í se é. Ìbíjọkẹ́ ni yóò máa lọ ṣáájú."

Báyìí ni wọ́n ṣe gun òkè lọ, nǹkan bí ọgọ́ta ènìyàn, dòjé lọ́wọ́ wọn, Ìbíjọkẹ́ níwájú, Olúgbùyì lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi okùn so mọ́ ọn. Ìkùukùu òjò ti ń ṣú jọ lápá gúúsù, ṣáájú àkókò rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń wò ó, wọ́n sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ìpele Kẹsàn-án ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Bàbá kan tó ń jẹ́ Láyẹmọ ló ni ín, àgbàlagbà tí gbogbo wọn ń bọ̀wọ̀ fún. "Ọjọ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin," ni ó wí, ó sì fọwọ́ sáyà. Koríko náà ga dé ìbàdí, ó tutù yọ̀yọ̀, ó sì pọ̀. Bí èyí bá pé, yóò tó àgbá mẹ́fà.

Ìbíjọkẹ́ já ewé kan láti àárín. Ó là á, ó gbé e sí imú.

Kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó tún já òmíràn, ó rún un kunkun, ó fà á sínú títí ìgbáàyà rẹ̀ fi dùn ún. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó gbóòórùn ọwọ́ náà, ọwọ́ tó ti wọ inú àgbá epo méjìlélógójì láti òwúrọ̀. Bí ìgbà tó ń gbóòórùn omi ni. Imú rẹ̀ ti kú.

Wọ́n ń dúró dè é. Ó gbọ́ tí àwọn dòjé ń kan ara wọn lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá ní kí wọ́n gé e, bóyá yóò jẹ́ òtítọ́. Ìrísí ewé kì í sọ ọjọ́ orí, ó mọ ìyẹn ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí ó bá ní kí wọ́n dúró di ọ̀la, òjò lè dé lálẹ́ yìí.

Ó yíjú padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí, kò sì gbé ohùn rẹ̀ sókè. "Mi ò gbóòórùn mọ́. Ẹ wá."

Olúgbùyì kò kúrò lójú kan. "Èmi?"

"Ẹ̀yin. Ọdún mọ́kànlélógún lẹ ti ń gé koríko yìí. Ẹ wá gbọ́ ọ fún mi."

Kùn-yùn-kùn-yùn bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn èrò. Ẹnì kan ní, "Òun náà kẹ̀?"

Olúgbùyì bọ́ sínú koríko. Ó bẹ̀rẹ̀, ó já ewé kan lábẹ́ níbi tí oòrùn kì í dé, ó là á, ó gbé e sí imú. Ó pa ojú dé. Ó pẹ́ kó tó là á. Nígbà tí ó là á, ó wo Bàbá Láyẹmọ, ẹni tó fún un ní irúgbìn àkọ́kọ́ tó gbìn nígbà tó gba ìpele tirẹ̀, lẹ́yìn náà ó wo àbúrò rẹ̀.

"Ó ti gbó," ni ó wí. "Ó ti kọjá ọgọ́rùn-ún."

"Irọ́ ni!" ni Bàbá Láyẹmọ kígbe. "Ọ̀daràn yìí? Olè yìí ni ẹ ó gbà gbọ́? Ìbíjọkẹ́, ìwọ ni mo bi. Kí ni imú tìrẹ wí?"

Gbogbo ojú yí sí i. Àgbá mẹ́fà ló wà lórí ilẹ̀ yẹn. Ìbíjọkẹ́ wo koríko tútù náà, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò rí ohunkóhun níbẹ̀ tó lè fi búra, bí kò ṣe pé ó rẹ̀ ẹ́, ó sì ń dúró.

"Ẹ máa bọ̀," ni ó sọ fún àwọn èrò. Ó sọ ewé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gba ọ̀nà Ìpele Kẹwàá. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa lọ níwájú."